Títún Ọkọ̀ Àtijọ́ Ṣe Nígbà Tí Ẹ Ṣì Ń Wà Á Lọ Síbi Iṣẹ́

Ẹni tó ní ọkọ̀ méjì lè tú ọ̀kan palẹ̀, kó kó bọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú agolo, kó sì fi ọdún mẹ́ta tò ó padà bó ṣe wù ú. Èmi ò ní méjì. Peugeot 504 tí wọ́n ṣe ní 1981 ni mò ń wà lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, òun náà ni mo sì ń tún ṣe. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́dọ̀ jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tiyín lè jẹ́ Volkswagen ìjàpá, ó lè jẹ́ Mercedes tàbí Land Rover. Ìwọ̀n bọ́ọ̀tì lè yàtọ̀, ètò kan náà ni.

Ọ̀gá mẹkáníìkì tí a jọ ń ṣe é kò kọ́kọ́ gbà fún mi. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká kúkú tú gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kára tu wá." Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ìwọ lo máa wá máa pọ̀n mí lọ síbi iṣẹ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà ni òfin kan ti wà láàárín wa: a kì í ṣí ohun tí a ò ní lè pa dé kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣú. Orí òfin yìí ni gbogbo ètò tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ẹ kọ́kọ́ wà á, ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ má tíì ra páàtì kankan. Ẹ kọ́kọ́ ṣe sáfíìsì tó péye fún ọkọ̀ náà: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà rẹ̀, fílítà afẹ́fẹ́ àti ti epo, púlọ́ọ̀gì, kọ́ńtáàtì bí ẹ́ńjìnnì yín bá ṣì ń lò ó, omi radiétọ̀, ọ́ìlì bíréèkì. Àtúnṣe kọ́ nìyẹn. Ó kàn ń mú ìyà àìtọ́jú kúrò lára ọkọ̀ ni, kí ẹ lè gbọ́ àìsàn tó ní gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wà á fún bí oṣù kan, kí ìwé kékeré kan àti báírò máa wà nínú àpótí dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ẹ kọ iye lítà epo tí ẹ rà àti iye kìlómítà tó gbé yín dé. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bu ọ́ìlì kún un àti bí ohun tí ẹ bù ṣe tó. Ẹ kọ ariwo náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe "ọkọ̀ ń dún" lásán o. Ṣé ìgbà tó tutù ni àbí ìgbà tó ti gbóná? Ṣé ẹsẹ̀ yín wà lórí bíréèkì? Ṣé ọ̀tún lẹ ń yà sí àbí òsì? Bí ọkọ̀ bá ń kùn, tí kíkùn náà sì ń pọ̀ sí i nígbà tí ẹ bá yà sọ́tùn-ún, bíárìn táyà òsì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí òsì ni ẹrù ń rọ́ lọ nígbà yẹn. Ẹ wo èéfín náà. Bó bá láwọ̀ aró kété tí ẹ ṣíná láàárọ̀, tó sì dáwọ́ dúró láìpẹ́, síìlì fáfù ló ti gbó. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tẹná mọ́lẹ̀ ló ń láwọ̀ aró, ẹ máa ro ti ríǹgì písítìn. Èéfín dúdú túmọ̀ sí pé epo ti pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́. Èyí tó funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tí omi sì ń dín nínú radiétọ̀, ẹ lọ yẹ gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù (irin tó dé orí sílíńdà) wò.

Lẹ́yìn oṣù yẹn, ẹ wọn kọ́mpírẹ́ṣọ̀n sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bó ṣe lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ tú gbogbo púlọ́ọ̀gì, ẹ yọ wáyà kọ́ìlì kí iná má ṣẹ́, kí ẹnì kan tẹná mọ́lẹ̀ pátápátá kó sì máa yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ẹ̀yin ń wo mítà. Bí nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe sún mọ́ra tó ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe ga tó lọ. Bí èyí tó kéré jù bá fi ju ìdá 10 nínú 100 lọ sílẹ̀ sí èyí tó ga jù, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ bu ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú sílíńdà tó lọ sílẹ̀ náà, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, ríǹgì ló ti jẹ. Bí kò bá gòkè, fáfù ni, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ pé méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló jọ lọ sílẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín wọn ló sábà máa ń jẹ́. Àyẹ̀wò yìí kì í gba wákàtí kan. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn á tú odidi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ láìṣe é.

Ibi tí ìpẹtà ń sá pamọ́ sí

Ẹ́ńjìnnì ṣeé pààrọ̀, jíà ṣeé pààrọ̀. Bọ́dì ni ọkọ̀ gan-an. Bíi ti ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ kéékèèké, 504 kò ní ṣáńsì lọ́tọ̀. Bọ́dì náà ni ṣáńsì. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pé kó lo ọjọ́ kan gbáko lábẹ́ ọkọ̀ kó tó ná kọ́bọ̀.

Ẹ fọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ sì gbé e lé sítáǹdì irin. Ẹ má sùn sábẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Tọ́ọ̀ṣì, òòfà kékeré tí ẹ fi aṣọ wé, àti súkúrùdíráfà ni ẹ nílò. Ẹ fi ẹ̀yìn súkúrùdíráfà máa kan irin náà lọ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó dára á dún ketekete; èyí tó ti jẹ nínú á dún pọ̀ọ̀, bí ìgbà téèyàn ń kan páálí. Níbi tí òòfà kò bá ti lẹ̀ lára bọ́dì, pọ́tì ló wà lábẹ́ ọ̀dà, ẹnì kan sì ti fi í bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ẹ wo abẹ́ bátìrì, torí ásíìdì. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ wo irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì, inú mọ́gáàdì, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn níbi tí ihò omi ti dí, abẹ́ rọ́bà gíláàsì iwájú, ibi tí wọ́n ń ti jáàkì bọ̀, ibi tí bẹ́líìtì ìjókòó ti so mọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ ọkọ̀ bá tutù, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń gbà wọlé kí ẹ tó ronú irin tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irin tuntun náà á jẹ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: ibi tí ọ̀dà ti wú bí èékánná lóde, inú ló ti ń jẹ bọ̀, bí ẹ bá sì ha á, ẹ lè rí ihò tí àtẹ́lẹwọ́ á gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé sàmì sí gbogbo rẹ̀, ẹ ya á ní fọ́tò.

Bí súkúrùdíráfà bá gún inú wọlé níbi tí ṣọ́ọ̀kì iwájú (èyí tó ń gba gbígbọ̀n táyà) ti so mọ́ bọ́dì, ọkọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ jáde mọ́ títí wọ́n á fi jó irin tuntun mọ́ ibẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ibẹ̀, ilẹ̀ ọkọ̀ àti irin abẹ́ ilẹ̀kùn ni gbogbo wọn ti lọ pọ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wá ọkọ̀ mìíràn tí bọ́dì rẹ̀ le, kí ẹ fi èyí ṣe páàtì. Ó dunni, ṣùgbọ́n owó tí ẹ máa ná sórí rẹ̀ á ra bọ́dì méjì tó dára.

Ìlà mẹ́ta nínú ìwé

Gbogbo ohun tí oṣù ìwakọ̀ àti ọjọ́ abẹ́ ọkọ̀ fi hàn yín, ìlà mẹ́ta ni mo ń pín wọn sí. Mo kọ orúkọ sókè ìlà kọ̀ọ̀kan: Ohun tó lè pa mí. Ohun tó lè dá mi dúró lójú ọ̀nà. Ohun tó kàn ń bí mi nínú.

Bíréèkì, sítíárìn, táyà, bẹ́líìtì ìjókòó, iná, àti họ́ọ̀sì epo wà ní ìlà kìíní. Họ́ọ̀sì epo ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ethanol tó wà nínú epo bẹntiróòlù òde òní máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́, epo á sì máa kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ láti táǹkì dé kabúrétọ̀ sí irú èyí tí wọ́n ṣe fún epo olóethanol, kí ẹ sì ra kílíìpù tuntun. Ní ti táyà, ẹ má wo ojú rẹ̀ nìkan. Nọ́ńbà mẹ́rin wà ní ìparí àmì DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré ni ẹ rí, táyà yẹn ti wà ṣáájú ọdún 2000. Bó ti wù kó nípọn tó, ẹ yọ ọ́ dànù lónìí.

Ìlà kejì ni ti bátìrì àti ohun tó ń gba iná sí i, radiétọ̀, pọ́ǹpù epo, kilọ́ọ̀ṣì, wáyà. Ìlà kẹta ni rédíò, ìjókòó, aago tí kì í ṣiṣẹ́, àti ọ̀dà. Ìlà kẹta yìí ló máa ń wuni jù, torí òun lẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń rí. Ẹni tó bá gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ́kọ́ kùn ún, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tó máa gbà: páàtì, irinṣẹ́ tí ẹ ò ní, ẹni tó máa ṣe é, àti bí ọkọ̀ ṣe máa pẹ́ nílẹ̀ tó. Mẹ́ta péré lèmi ń kọ sí ti ìkẹyìn yìí: ìrọ̀lẹ́ kan, òpin ọ̀sẹ̀, tàbí ìsinmi. Iṣẹ́ tó bá ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ, ẹ má fi tipátipá há a mọ́ òpin ọ̀sẹ̀. Ó di ìgbà ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Nínú owó tí ẹ bá yà sọ́tọ̀, ẹ fi ìdá mẹ́rin kan pamọ́ tí ẹ ò ní fi lé iṣẹ́ kankan, nítorí kò sí ọkọ̀ àgbà tí a ṣí tí a ò bá nǹkan míì nínú rẹ̀. Owó epo àti ọ́ìlì ojoojúmọ́ sì gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀.

Orí tábìlì ni iṣẹ́ wà

Ohun tó mú kí ó ṣeé ṣe láti wa ọkọ̀ kí a sì tún máa tún un ṣe ni pé, púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà kì í ṣẹlẹ̀ lára ọkọ̀. Ẹ wá alternator àlòkù kejì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba iná sí bátìrì. Ẹ wá kabúrétọ̀ kejì, distributor (tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì) kejì, mọ́tò sítátà kejì, radiétọ̀ kejì, kálípà bíréèkì méjì sí i. Kì í ṣe dandan kí wọ́n máa ṣiṣẹ́. Kí ara wọn ṣáà má là, kí wọ́n má tíì jẹ. Ẹ gbé ọ̀kan sórí tábìlì, ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi bíárìn, búrọ́ọ̀ṣì, síìlì tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, bó bá gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó gbà á. Ọkọ̀ yín ṣì ń fi ti àtijọ́ rìn ní gbogbo ìgbà yẹn. Nígbà tí ti orí tábìlì bá parí, pípààrọ̀ rẹ̀ kì í ju ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta lọ. Ti àtijọ́ tí ẹ yọ, òun náà á bọ́ sórí tábìlì, òun lẹ máa gbé sínú búùtù fún ọjọ́ pàjáwìrì.

Bí mo ṣe ń ṣe kabúrétọ̀ mi nìyí. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kí jẹ́ẹ̀tì (irin kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá) tó bá jábọ́ má bàa sọ nù. Mo ya fọ́tò ní ìpele kọ̀ọ̀kan, mo sì ń to ẹ̀yà tí mo bá tú sílẹ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún, bí wọ́n ṣe ń jáde. Súkúrù ìtòsí ara wọn tí gígùn wọn yàtọ̀, mo gún wọn mọ́ páálí tí mo ti ya àwòrán kabúrétọ̀ sí, kí kálukú wà ní ojú ihò tirẹ̀. Mo ka iye ìgbà tí súkúrù ìdákẹ́ (ti ìgbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí iná) yí kó tó jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀, kí n tó yọ ọ́. Mi ò fi wáyà ti jẹ́ẹ̀tì rí, torí wáyà ń fẹ ihò náà; ọṣẹ kabúrétọ̀ àti afẹ́fẹ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́.

Páàtì tuntun pàápàá, orí tábìlì ló ti yẹ kó kọ́kọ́ dé. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáńsì béèrè fún un, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀ àti ọdún nìkan, nítorí àwọn tó ń ṣe mọ́tò máa ń yí nǹkan padà láàárín ọdún. Nígbà tó bá dé, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lára ọkọ̀ kí ẹ tó tú nǹkan kan. Ojú bọ́ọ̀tì M10×1 (ti mìlímítà) àti ti 3/8 UNF (ti íǹṣì) jọra débi pé ọ̀kan á wọnú èkejì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó há. Bí ẹ bá fi sípánà ti í, eyín rẹ̀ ti lọ, ọkọ̀ sì ti wà nílẹ̀. Ẹ tẹ rọ́bà tuntun náà, kí ẹ wò ó bóyá ó ti ń sán. Rọ́bà tó ti jókòó sínú páálí fún ogún ọdún ti gbó, kò sí ohun tí orúkọ "tuntun" fẹ́ ṣe fún un.

Bọ́ọ̀tì tó bá ti dípẹtà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ọ́ìlì atúpẹtà láti ọjọ́ Ọjọ́rú bí ẹ bá máa tú u lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ ra bọ́ọ̀tì tuntun sílẹ̀ kó tó ṣẹ́.

Bíréèkì

Ìlà kìíní ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, bíréèkì ni ẹ ó sì kọ́kọ́ ṣe nínú rẹ̀, iwájú lọ́sẹ̀ kan, ẹ̀yìn lọ́sẹ̀ mìíràn. Ọkọ̀ tó bá ti wà ṣáájú ìparí àwọn ọdún 1960, ẹ wò ó dáadáa bóyá ojú ọ̀nà ọ́ìlì kan ṣoṣo ni másítà rẹ̀ (pọ́ǹpù tí ẹsẹ̀ yín ń ti ọ́ìlì bíréèkì láti inú rẹ̀) ní. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, ibi yòówù tó bá jò, gbogbo bíréèkì ló lọ. Ti irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ páìpù àti họ́ọ̀sì ṣeré rárá.

Họ́ọ̀sì náà ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dunjú, ìyẹn rọ́bà kúkúrú tó so páìpù irin mọ́ ẹsẹ̀ táyà. Lóde, ara rẹ̀ lè máa dán. Nínú, rọ́bà ti wú, ihò rẹ̀ ti fún. Ẹsẹ̀ yín lágbára tó láti ti ọ́ìlì kọjá, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ọ́ìlì kò rí ọ̀nà padà. Táyà yẹn á máa fà, á máa gbóná, epo á máa lọ, páàdì apá kan á sì tán ṣáájú èkejì. Lẹ́yìn ìrìn bíi kìlómítà 10 tí ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréèkì, ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ àárín táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tí ooru rẹ̀ yàtọ̀, ẹ fi jáàkì gbé e, ẹ fọwọ́ yí i. Bí kò bá yí, ẹ tú níípù tí a fi ń yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀. Bí ọ́ìlì bá fín jáde, tí táyà sì yí geere, a jẹ́ pé ọ́ìlì ló há síbẹ̀, písítìn bíréèkì kọ́ ló lẹ̀. Ẹ dè é padà, ẹ tẹ bíréèkì kó tún há, kí ẹ wá tú ibi tí òkè họ́ọ̀sì ti pàdé páìpù irin. Bí táyà bá tú sílẹ̀ níbẹ̀, másítà ni kí ẹ lọ bá. Bí kò bá tú sílẹ̀, họ́ọ̀sì ni. Ẹ pààrọ̀ tọ̀tún tòsì pọ̀.

Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tuntun tí wọ́n kọ DOT 4 sí kì í hó títí ooru á fi dé 230°C ó kéré tán. Nígbà tí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní bíi 155°C, ìgbà náà ni ẹsẹ̀ á kàn rì sísàlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn. Ọdún méjì méjì ni mo ń pààrọ̀ tèmi. DOT 3 àti DOT 4 lè dà pọ̀, ṣùgbọ́n DOT 5 jẹ́ sílíkóònù, kò gbọdọ̀ bá wọn pàdé. Ẹ má jẹ́ kó kán sára ọ̀dà, á bó o.

Ẹ má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù o. Láínìn àtijọ́ sábà máa ń ní asbestos nínú, ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń bá jà. Ẹ rẹ eruku náà pẹ̀lú omi, ẹ nù ún, ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni iṣẹ́ bíréèkì gbọ́dọ̀ parí. Ọjọ́ Àìkú wà fún dídán an wò níbi tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, láti orí ìrìn díẹ̀díẹ̀ lọ sókè. Ẹ tún nọ́ọ̀tì táyà dì lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100.

Iná àti ìtutù

Ìdajì àìsàn iná ọkọ̀ àtijọ́ ló jẹ́ ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ibi tí wáyà ti so mọ́ bọ́dì kí iná lè padà sí bátìrì. Bátìrì tó kún yẹ kó fi bíi fólítì 12.6 hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, àti láàárín 13.8 sí 14.4 nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bí ìyẹn bá dára, tí iná iwájú sì ń ṣe bàìbàì, ẹ tan iná náà, ẹ fi ẹnu mítà kan kan orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kí ẹ fi èkejì kan ẹ́ẹ̀tì iná náà. Bó bá ju fólítì 0.2 lọ, ẹ́ẹ̀tì yẹn kò mọ́. Ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà ha á títí irin á fi dán, ẹ fi gíríìsì bò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é. Bọ́ọ̀bù 60 wáàtì méjì ń fa bíi ámpíà 10, inú súwíìṣì àgbà sì ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹ fi rìléè (súwíìṣì tí iná kékeré ń tan) sí i, súwíìṣì náà á pẹ́, iná á sì mọ́lẹ̀ sí i. Fíúsì tó bá ń jó, ẹ má fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Wáyà ni fíúsì ń ṣọ́.

Ní ti ìtutù, ẹ má máa bu omi lásán sínú ẹ́ńjìnnì tí tọ́ọ̀pù rẹ̀ jẹ́ àlùmíníọ̀mù. Omi tó ní oògùn ìpẹtà ni kó máa mu. 504 ní fáànù tí òòfà iná ń so mọ́ púlì nígbà tí omi bá gbóná. Bí búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń gbé iná fún un bá jẹ tán, fáànù á kàn máa yí wọ́ọ́wọ́ọ́, ojú títì tó bá fún á sì mú ọkọ̀ hó. Ẹ so wáyà súwíìṣì ooru rẹ̀ pọ̀ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní títàn tí ẹ́ńjìnnì ò sì ṣiṣẹ́. Bí òòfà bá ń gbà, ẹ máa gbọ́ "kẹ́". Ìwọ̀nba owó búrọ́ọ̀ṣì ló ń gba tọ́ọ̀pù là. Ọmọrí radiétọ̀ gbígbóná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ kó tutù.

Ohun tó gba ìsinmi

Iṣẹ́ mẹ́ta ni kì í wọ òpin ọ̀sẹ̀: tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnnì, irin abẹ́ ilẹ̀kùn, àti ọ̀dà. Ẹ má ṣe méjì nínú wọn pọ̀ nínú ìsinmi kan.

Ní ti tọ́ọ̀pù, bí ẹ bá rí kejì tó dára, orí tábìlì náà ló kọ́kọ́ bọ́ sí: kí wọ́n wọ̀n ọ́n bóyá ó tẹ̀, kí wọ́n lọ fáfù, kí wọ́n sì fi ìjókòó fáfù onírin líle sí i bí ti tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ ti ìgbà epo olójèé. Òjé tó wà nínú epo nígbà náà ló ń dáàbò bo ìjókòó fáfù, láti 2021 sì ni kò ti sí orílẹ̀-èdè kankan tó ń ta irú epo bẹ́ẹ̀ fún mọ́tò mọ́. Ẹni tó bá ń tú tọ́ọ̀pù 504 gbọ́dọ̀ mọ̀ pé sílíìfù rẹ̀ (irin tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀) kì í ṣe ara búlọ́ọ̀kù. Omi ló yí i ká, tọ́ọ̀pù ló sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí tọ́ọ̀pù bá kúrò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ẹ́ńjìnnì àfi bí ẹ bá ti fi bọ́ọ̀tì àti wọ́ṣà ńlá de sílíìfù mọ́lẹ̀. Bó bá gbéra, síìlì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti tú, omi á wọnú ọ́ìlì.

Ní ti irin, apá kan ni kí wọ́n gé, kí wọ́n jó o tán, kó tó kan apá kejì. Kí wọ́n fi ọ̀pá irin de ẹnu ilẹ̀kùn kí wọ́n tó gé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bọ́dì á rọ̀, ilẹ̀kùn ò sì ní pa dé mọ́. Ẹ yọ orí bátìrì àti wáyà alternator kí ẹ̀rọ ìjórin tó tan. Ẹ gbé táǹkì epo jìnnà; táǹkì tó ṣófo tí afẹ́fẹ́ epo ṣì wà nínú rẹ̀ léwu ju èyí tó kún lọ.

Ìjókòó, kápẹ́ẹ̀tì àti àwọ̀ orí òrùlé, ẹ ṣe wọ́n nígbà tó bá wù yín lẹ́yìn tí omi ò bá wọlé mọ́. Kò sí ohun tó le níbẹ̀.

Ọ̀dà ló kẹ́yìn. Ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tí à ń wà lójoojúmọ́ ni pé wọ́n á jó irin rẹ̀ lónìí, wọ́n á fi pírámà lásán bò ó, ẹni tó ni ín á sì máa wà á bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kó tó rówó ọ̀dà. Pírámà tí wọ́n ń fi kún ojú irin máa ń fa omi mu, ìpẹtà á sì ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kó tó rí ọ̀dà. Ẹ ní kí wọ́n fi pírámà epoxy bo irin tuntun náà ní ọjọ́ tí wọ́n jó o. Ìyẹn kì í jẹ́ kí omi kọjá, ó sì lè dúró de yín. Nígbà tí ọ̀dà bá ti gbẹ, ẹ fi ẹnu họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ fín wáàsì olómi (bí ìda yíyọ́) sínú gbogbo irin oníhò, abẹ́ ilẹ̀kùn àti inú ilẹ̀kùn, kí ẹ wá fi wáyà la ihò omi kọ̀ọ̀kan kí wáàsì má bàa dí i. Á máa kán sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀.